Rọ́bà Inú Ẹsẹ̀ Ọkọ̀

Bí a bá pé jọ nínú ẹgbẹ́ wa yìí láti sọ ìtàn, ìtàn ogun ni a sáábà máa ń sọ. A óò sọ ti Ìjàyè, a óò sọ ti Kírìjì, a óò wá fi ọ̀rọ̀ oyè àti ìdílé ọba kádìí rẹ̀. N kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí èyí. Ṣùgbọ́n àwọn ohun kékeré kan wà tí ìtàn wọn gùn ju ti ọba mìíràn lọ, tí a kò sì bi wọ́n léèrè rí nítorí pé wọ́n dọ̀tí, tàbí nítorí pé abẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n ń gbé. Ọ̀kan nínú wọn ni mo fẹ́ sọ fún yín: rọ́bà kékeré kan, tí kò tóbi ju ìkúùkù ọmọdé lọ, tí ó wà nínú ẹsẹ̀ ọkọ̀. Bọ́ọ̀ṣì ni àwọn mẹkáníìkì Ṣógúnlé ń pè é.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, nítorí pé èdè ni mo wá kọ́ ní yunifásítì, ojú àwọn olùkọ́ mi sì ń bẹ lára mi. Bọ́ọ̀ṣì yìí kò bá igbó tan rárá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bákan náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń kọ méjèèjì. Ọwọ́ àwọn ará Họ́láńdì àtijọ́ ni Gẹ̀ẹ́sì ti yá a. "Busse" ni àwọn yẹn ń pe àpótí, wọ́n sì fi pe òrùka irin tí wọ́n ń kì bọ inú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹrù pẹ̀lú. Àwọn ará Jámánì ṣì ń pè é ní "Buchse" títí di òní. Nítorí náà, ọ̀rẹ́ mi tí ó túmọ̀ rẹ̀ sí "igbó ọkọ̀" nílé oúnjẹ wa, tí gbogbo ènìyàn sì rẹ́rìn-ín, kí ó mọ̀ pé àpótí ni ó yẹ kí ó wí. Ní ibi tí wọ́n ti ń sọ Faransé, silentbloc ni orúkọ rẹ̀, èyíinì ni odidi ohun kan tí kì í pariwo. Orúkọ yìí bá iṣẹ́ rẹ̀ mu ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Ní ẹnu mẹkáníìkì, "ẹsẹ̀ ọkọ̀" kì í ṣe táyà nìkan. Gbogbo ohun tí ó so táyà mọ́ ara ọkọ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀: apá irin tí wọ́n ń pè ní áàmù, sípíríǹgì, ṣọ́ọ̀kì, àti àwọn oríkèé tí ó so wọ́n pọ̀. Bí táyà bá bọ́ sí kòtò, apá irin yìí yóò gbé sókè, yóò sì padà wálẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìgbọ̀nwọ́ wa ti ń ṣe. Ní oríkèé náà ni bọ́ọ̀ṣì wà. Ọ̀pá irin kékeré oníhò ni ó wà nínú rẹ̀, òrùka irin tí ó tóbi jù ú lọ ni ó wà níta, rọ́bà sì kún àárín wọn. Bọ́ọ̀tì tí ó gba inú ọ̀pá kékeré kọjá ni ó dè é mọ́ ara ọkọ̀ pinpin. Òrùka ìta sì há gádígádí sínú apá. Kò sí èyí tí ń yọ̀ lórí èkejì nínú wọn. Rọ́bà àárín ni ó ń lọ́ nígbà tí apá bá lọ sókè, òun náà ni ó sì ń tú ara rẹ̀ padà nígbà tí apá bá wálẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, pé lílọ́ ni rọ́bà yìí ń lọ́, kì í yí po, nítorí pé ìjà tí mo fẹ́ ròyìn níwájú, orí rẹ̀ ni ó dá lé.

Kò rí bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìjọba ń fi mọ́tò ná Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ní nǹkan bí ọdún 1907, àti nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni W. A. Dawodu ń ta ọkọ̀ tí ó sì ń tún un ṣe ní Èkó kí ọdún 1920 tó dé, irin inú irin ni oríkèé ọkọ̀. Ọ̀pá irin ń yí nínú òrùka idẹ, gíríìsì nìkan ni ó sì ń là wọ́n níjà. Bí gíríìsì bá gbẹ, tí eruku pupa ọ̀nà wa bá wọ ibẹ̀, irin a bẹ̀rẹ̀ sí jẹ irin. Àwọn bọ̀lẹ̀kájà tí ó kó kòkó àti ènìyàn fún ọdún gbọọrọ lẹ́yìn náà, bí wọ́n ti rí nìyẹn. Ọmọ iṣẹ́ tí ó bá wọ ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì nígbà náà, ohun àkọ́kọ́ tí yóò kọ́ ni pé kí ó fi gíríìsì pa ẹsẹ̀ ọkọ̀, kí ó pa á ní àpapọ̀jù bí ó bá ṣeé ṣe. Ibi tí ó bá ti ń dún, òróró ni òògùn rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó dára ni, ó sì tọ̀nà, bí irin bá ni ohun tí ó wà níbẹ̀.

Kí á tó lè fi rọ́bà rọ́pò irin, ó kọ́kọ́ yẹ kí rọ́bà fúnra rẹ̀ ní ìwà. Rọ́bà tútù tí ó ti ara igi jáde, bí oòrùn bá mú un, a máa lẹ̀ mọ́ ènìyàn lọ́wọ́ bí oje. Bí otútù bá mú un, a máa le bí èèpo igi. Ní ọdún 1839 ni Charles Goodyear ní Amẹ́ríkà rí i pé bí a bá po rọ́bà pọ̀ mọ́ imí ọjọ́ tí a sì fi iná sí i, kò ní í yọ́ mọ́, kò sì ní í le gbagidi. Ní 1844 ni ìjọba fún un ní ìwé àṣẹ lórí rẹ̀. Thomas Hancock ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú, ọ̀rẹ́ Hancock kan ni ó sì sọ iṣẹ́ náà lórúkọ, ó fi Vulcan pè é, òrìṣà iná àti alágbẹ̀dẹ àwọn ará Róòmù. Láti ibẹ̀ ni orúkọ fọkanáísà ti wá, ẹni tí ń lẹ táyà ní ẹ̀bá ọ̀nà wa. Bí ó bá pa ajá fún Ògún lọ́dọọdún pẹ̀lú àwọn awakọ̀, kò jìnnà sí orúkọ ara rẹ̀.

Igbó tiwa náà kò ṣaláì ní rọ́bà. Igi irẹ́ ni mo ń wí, èyí tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Funtumia elastica. Ní nǹkan bí ọdún 1894 ni àwọn tí ó ti ilẹ̀ Gold Coast wá fi bí a ti ń kọ ọ́ lára han àwọn ènìyàn wa, gbogbo ènìyàn sì sá wọ igbó. Ní ọdún 1895 nìkan, ìwọ̀n rọ́bà tí ó gba Èkó jáde lọ sí òkè òkun lé ní mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn. Nínú ìwé àwọn oníṣòwò, "ire" ni wọ́n kọ ọ́, láìsí àmì ohùn, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé oríire ni wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi kó lọ. Fún ọdún díẹ̀, bóyá oríire náà ni. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ igi náà yípo láti ìdí dé orí, wọ́n gé èyí tí ọwọ́ kò tó lulẹ̀, àwọn igi sì kú. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó, ojú irin tí ó gba Ṣógúnlé kọjá títí di òní. Nígbà tí ó fi dé Ìbàdàn, tí wọ́n sì ṣí i ní 1901, òwò rọ́bà irẹ́ tí ìbá gun orí rẹ̀ ti wó lulẹ̀. Rọ́bà tí àwọn ènìyàn mọ̀ lónìí ní Sapele àti ní agbègbè Benin, igi mìíràn ni, Bùràsíìlì ni ó ti wá. Ní Ìkẹjà, tí kò jìnnà sí Ṣógúnlé, ilé iṣẹ́ Dunlop ṣe táyà láti àwọn ọdún 1960 títí di 2008 tí wọ́n dáwọ́ dúró. Orúkọ rẹ̀ kù nínú èdè wa lára bàtà ilé ìwẹ̀.

Láàrin ọdún 1920 sí 1940 ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé rọ́bà sí ibi tí irin ti ń jẹ irin. Ní 1931, ilé iṣẹ́ Plymouth ní Amẹ́ríkà gbé ẹ́ńjìnì ọkọ̀ wọn lé orí rọ́bà, àwọn ènìyàn sì yà á lẹ́nu pé ọkọ̀ kékeré kò gbọ̀n mọ́. Bọ́ọ̀ṣì rọ́bà wọ ẹsẹ̀ ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn náà. Kò fẹ́ gíríìsì, kì í ké, ó sì ń gba ìjà òkúta mọ́ra kí ó tó dé ìdí ẹni tí ó jókòó. Inú Peugeot ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ti bá a pàdé. Ìjọba àpapọ̀ bá ilé iṣẹ́ Peugeot ṣe àdéhùn ní 1972, wọ́n sì ṣí ilé iṣẹ́ tí ń to ọkọ̀ náà pọ̀ ní Kàdúná ní oṣù kẹta ọdún 1975, oṣù kan náà tí wọ́n ṣí ti Volkswagen ní Ọ̀jọ́. Ọkọ̀ 504 tí ó jáde ní ilẹ̀ Faransé ní 1968 di ọkọ̀ dókítà, ọkọ̀ olùkọ́, ọkọ̀ adájọ́, ọkọ̀ èrò Ìbàdàn sí Kánò. Ní 1983 ni ilẹ̀ Faransé kò ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ 504 mọ́, ṣùgbọ́n Kàdúná ń tò ó lọ títí wọ inú àwọn ọdún 2000.

Lẹ́yìn náà ni ọdún 1986 dé, pẹ̀lú ètò ọrọ̀ ajé tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí SAP. Iye náírà já wálẹ̀. Ẹni tí ó ti ń fojú sọ́nà fún ọkọ̀ tuntun gbé ojú kúrò. Ọkọ̀ tí àwọn aláwọ̀ funfun ti lò bẹ̀rẹ̀ sí í gba Kútọnu àti Èkó wọlé, a sì fi orúkọ tí à ń sọ ọmọ tí wọ́n bí lókè òkun pè é, Tòkunbọ̀. Láti ara ọkọ̀, orúkọ náà ràn mọ́ ẹ́ńjìnì, ó ràn mọ́ táyà, ó ràn mọ́ fìríìjì, ó sì dé orí bọ́ọ̀ṣì. Ní ọjà Ládípọ̀ ní Mushin, ẹ ó rí apá ọkọ̀ tí wọ́n tú lókè òkun, tí rọ́bà rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀.

Ìjà tí mo sọ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Àbúrò bàbá mi ní 504 elẹ́yìn gígùn kan, tí bàbá wọn rà ní 1983. Òun ni wọ́n fi ń kó búrẹ́dì láti Agége lọ fún àwọn tí ń tà á ní Ṣógúnlé àti Mushin ní ìdájí. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà ń kan gbàgà-gbàgà nínú kòtò, sítíárìn ń fà sí ọwọ́ òsì, táyà iwájú méjì sì ti jẹ tán láti inú. Oṣù 8 ṣáájú ni mẹkáníìkì kan ní àdúgbò mìíràn pààrọ̀ bọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Àbúrò bàbá mi ti pinnu pé bí èyí tí wọn yóò tún fi sí i bá tún bàjẹ́, àwọn tí ń ra kòǹdẹ́ẹ̀mù ni wọn yóò tà á fún, kí wọ́n lọ máa wa dáńfó ẹlòmíràn. Èmi bá wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù ní Ṣógúnlé, ní ẹ̀gbẹ́ Agege Motor Road, nítorí pé mo ń kó orúkọ irinṣẹ́ jọ fún iṣẹ́ kíláàsì mi.

Ọ̀gá tí ó ni ṣọ́ọ̀bù náà ti ń tún Peugeot ṣe kí n tó dáyé. Àbúrò bàbá mi ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí a ra tòkunbọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Tuntun tí wọ́n fi sí i, ayédèrú ni, kò pé ọdún kan."

Ọ̀gá dáhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n, irin ni à ń ra tòkunbọ̀ rẹ̀, a kì í ra tòkunbọ̀ rọ́bà. Rọ́bà dà bí oúnjẹ, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án, ó ń darúgbó lórí àtẹ. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ó pa èyí tí ó wà níbẹ̀."

Wọ́n fi jáàkì gbé ọkọ̀, wọ́n fi òpó irin gbè é lẹ́sẹ̀, wọ́n tú táyà, wọ́n tú apá. Ọ̀gá fi ìka fa rọ́bà náà, ó sì ya bí àkàrà. Nígbà tí ó gbé e sí imú, ó gbé e fún mi kí èmi náà gbóòórùn rẹ̀: òórùn ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ni. Rọ́bà ti wú, ó ti rọ̀, ó sì ti já kúrò lára irin ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, ní ìlà gígùn tí ó dọ́gba bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀bẹ là á. Ó ní méjì ni wọ́n ṣe é. Ẹni tí ó fi sí i fi ọ́ìlì pa á kí ó lè wọlé wẹ́rẹ́, ọ́ìlì sì ni májèlé rọ́bà. Èkejì ni pé ó di bọ́ọ̀tì pa nígbà tí ọkọ̀ wà lórí jáàkì, tí apá rọ̀ sílẹ̀ dòò. Nígbà tí ọkọ̀ bá wá sọ̀ kalẹ̀, apá á gbé sókè, rọ́bà á sì ti lọ́ kí ọkọ̀ tó gbéra rárá. Lílọ́ ni ó fi jókòó, lílọ́ ni ó fi sùn. Kòtò kékeré tí ó bá tún bọ́ sí, ó ti kọjá agbára rẹ̀.

Mo dúró níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìtàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í yé mi ju bí ó ti yé mi nínú ìwé lọ. Ohun méjèèjì tí mẹkáníìkì yẹn ṣe, kò sí èyí tí ó burú bí irin inú irin bá ni. Irin ń fẹ́ òróró, òrùka idẹ tí ó ń yí po kò sì bìkítà bóyá apá rọ̀ sílẹ̀ tàbí ó gbé sókè nígbà tí wọ́n di bọ́ọ̀tì rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ìgbà bọ̀lẹ̀kájà ni ó kọ́, láti ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀ tí ó kọ́ ọ láti ọwọ́ ọ̀gá tirẹ̀. Irin ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́, ìwà irin kù sí ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́. Bí a bá ń fi àwọn mẹkáníìkì wa ṣe ẹlẹ́yà pé wọn kò mọ nǹkan, a máa ń gbàgbé pé kì í ṣe àìmọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Òmíràn nínú rẹ̀, ìmọ̀ ni, tí ohun tí wọ́n fi í mọ̀ ti yí padà. Mo bi ọ̀gá Ṣógúnlé pé níbo ni òun ti mọ ti rọ́bà. Ó ní ẹni tí ó kọ́ òun níṣẹ́ ti ṣiṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń ta Peugeot nígbà tí 404 ṣì jẹ́ tuntun, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ wọn, baba náà kì í sì í gba ọmọ iṣẹ́ púpọ̀.

Lórí ọ̀rọ̀ ọjà, àbúrò bàbá mi kò jẹ̀bi. Ayédèrú pọ̀, ẹni tí ó bá sì ti sun ẹkún owó lẹ́ẹ̀kan kò ní í gbọ́ ìwàásù lórí rọ́bà tuntun. Ìdí nìyí tí àwa mẹ́ta fi jọ lọ sí Ládípọ̀. Ọ̀gá kọ ti ẹni àkọ́kọ́, nítorí pé rọ́bà rẹ̀ le, kò gba èékánná. Ó kọ ti ẹnìkejì, nítorí pé nígbà tí ó fi bọ́ọ̀tì sínú rẹ̀ tí ó sì fà á sí ẹ̀gbẹ́, àlàfo hàn láàrin rọ́bà àti irin. Lọ́wọ́ ẹnìkẹta ni wọ́n ti rí èyí tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn, wọ́n sì nájà náà títí oòrùn fi kan àtàrí.

Ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fi ìdè irin tí a ń pè ní fáìsì ti òrùka àtijọ́ jáde. (Àwọn kan ń fi iná sun rọ́bà rẹ̀ kí ó lè tètè jáde, èéfín rẹ̀ kò dára fún àyà, ọ̀gá yìí kò sì gbà á láyè.) Wọ́n nu ihò apá mọ́ tónítóní. Ọmọ iṣẹ́ kan, tí kò lè ju ọdún 15 lọ, na ọwọ́ sí agolo ọ́ìlì, ọ̀gá kò sì bá a wí. Ó kàn gbé omi ọṣẹ síwájú rẹ̀. Omi ọṣẹ ń yọ̀ bí òróró, ó sì ń gbẹ dànù láìṣe rọ́bà ní nǹkan kan. Bọ́ọ̀ṣì wọlé ní títọ́, láìwọ́. Wọ́n gbé apá padà, wọ́n ki bọ́ọ̀tì bọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ lásán ni wọ́n fi yí nọ́ọ̀tì rẹ̀. Wọ́n dá táyà padà, wọ́n sì sọ ọkọ̀ kalẹ̀.

Àbúrò bàbá mi ti ń na ọwọ́ gba kọ́kọ́rọ́, ọ̀gá ní kí wọ́n ní sùúrù. Ó ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ méjì dìde dúró lórí bọ́ńpà iwájú kí wọ́n fò lẹ́ẹ̀mẹta, kí sípíríǹgì lè jókòó sí ipò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọmọdé tí ó na ọwọ́ sí ọ́ìlì fi ẹ̀yìn wọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú sípánà gígùn, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì wà lórí ilẹ̀. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀, ó ń wò ó, ó ní, "Ìsinsìnyí ni kí o dì í." A gbọ́ bí bọ́ọ̀tì ti ń ké díẹ̀ kí ó tó há.

Ó kù kí wọ́n lọ fi ẹ̀rọ tún táyà tò kí ó gún, iṣẹ́ ẹlòmíràn sì ni ìyẹn, ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà. Ní ìdájí ọjọ́ kejì ọkọ̀ náà wà ní Agége, ó ń gba búrẹ́dì.